Omi Tí Ń Hó Láìsí Iná

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní ilẹ̀ Ọ̀kun, bí ẹ bá ń se omi lọ́wọ́ báyìí, ẹ má tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí pé ìdí ìkòkò omi yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tòní.

Ẹ fetí sí i dáadáa. Kí omi tó hó, ó máa ń kọ́kọ́ kùn. Ariwo kan, "ṣìì", á máa jáde láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, á sì máa le sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá wá hó tán, tó ń yí gbirigbiri, ariwo yẹn á rọlẹ̀, á di kùtùkùtù lásán. Àwọn ìyá wa tó ń ro ọkà mọ èyí láìwo inú ìkòkò. Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Kí ló fà á tí omi tí kò tíì hó fi ń pariwo ju èyí tó ti hó lọ?

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ló kọ́kọ́ ń gbóná. Omi tó wà níbẹ̀ á di èéfín, á sì di ìfófó wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ irin. Bí ìfófó yẹn bá ṣí kúrò, tó gbéra sókè, ó bọ́ sínú omi tí kò tíì gbóná tó nìyẹn. Èéfín inú rẹ̀ á tutù, á tún padà di omi lójijì, omi tó yí i ká á sì ya wọ ibi tó ṣófo, á kọlu ara wọn. Ìkọlù yẹn ni ẹ̀ ń gbọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìfófó ló ń wó bẹ́ẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú akàn. Nígbà tí gbogbo omi bá ti gbóná dọ́gba, ìfófó kò ní wó mọ́ títí tí yóò fi dé òkè, tí yóò fi bẹ́ sínú afẹ́fẹ́, ariwo á sì dínkù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú, torí òun ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé: bí a bá ń bí ìfófó, a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ, ìgbà tó bá ń wó la máa ń gbọ́ ọ.

Ó dáa. Ṣé dandan ni kí iná wà kí omi tó hó? Rárá o. Ọ̀nà méjì ni omi ń gbà hó. Ẹ lè fi iná sí i. Ẹ sì lè gbé ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Gbogbo afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run ló ń tẹ gbogbo omi tó wà láyé, agbára tó sì fi ń tẹ̀ ẹ́ tó ti omi tó ga ní mítà 10. Agbára yìí la ó máa pè ní ìfúnpá. Òun ni kì í jẹ́ kí omi di èéfín bó ṣe wù ú. Bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀, omi á hó láìdé 100 dígírì. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń tètè hó lórí òkè gíga. Bí ẹ bá sì dín ìfúnpá kù títí dé nǹkan bí ìdá kan nínú 24 ti afẹ́fẹ́ wa, omi tó wà ní 30 dígírì, ìyẹn omi kàǹga lásán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á hó bí ẹni pé ó wà lórí ààrò. Omi tó tutù dé 10 dígírì, irú èyí tó wà ní ìlú òtútù, kò ní hó àyàfi bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú 80. Omi tiwa tètè ń hó ju tiwọn lọ, ọ̀rọ̀ yìí sì kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìnkùlé yín, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tó ń gbọ́ wa, ẹ lè dán an wò. Ẹ ra sìríńjì tuntun ní ilé ìtajà oògùn, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dànù síbi tí kò ti ní gún ẹnikẹ́ni. Ẹ fa omi sínú rẹ̀, ẹ ti gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, kó ṣẹ́ ku omi nìkan. Ẹ fi ọmọ ìka dí ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ wá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn tagbáratagbára. Ẹ ó rí i tí ìfófó yóò ṣàdédé yọ nínú omi tí kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ti yọ́ sínú omi tẹ́lẹ̀, díẹ̀ sì jẹ́ èéfín omi fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀, ọwọ́ sìríńjì á padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó gbọ́ "kọ́", ọ̀pọ̀ ìfófó yẹn á sì pòórá. Ẹ tún wo ibi tí ìfófó náà ti ń yọ: ara ike ló sábà máa ń lẹ̀ mọ́, tàbí ibi tí ìdọ̀tí kékeré kan wà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó yọ láàárín omi tó mọ́.

Ohun tí ẹ fi ọwọ́ fà yẹn, abẹ́, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń yí nínú omi, ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo propẹ́là ọkọ̀ ojú omi, tàbí tọ́báìnì inú ìdídò, tàbí ìyẹ́ tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ àwọn ọkọ̀ kan kí omi lè gbé wọn sókè bí wọ́n bá ń sáré. Ìrísí kan náà ni gbogbo wọn ní: iwájú rẹ̀ ṣù díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ̀gbẹ́ kan sì yọ ju èkejì lọ. Bí omi bá pàdé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ tó yọ á sáré ju èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Òfin omi sì ni pé ibi tí ó bá ti ń sáré jù ni ìfúnpá rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ jù. Ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yẹn ló ń ti ọkọ̀ síwájú, òun ló ń yí tọ́báìnì, òun ló ń gbé ọkọ̀ sókè. Ìbùkún ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ìyára di ìlọ́po méjì, ìlọsílẹ̀ ìfúnpá á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ má sì gbàgbé pé ìfúnpá tó wà nílẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ti afẹ́fẹ́, àti ti ìwọ̀nba omi tó wà lórí abẹ́ náà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò lọ sílẹ̀ débi tí omi yóò fi hó lójú ibẹ̀, nínú odò tútù, láìsí iná. Cavitation ni àwọn ẹnjiníà ń pe ìyẹn.

Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ yẹ ní àfiyèsí, torí kì í bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tó mọ́ gaara, tí kò sí ìdọ̀tí tàbí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, lè fara da ìfàsẹ́yìn tó lágbára gan-an láìhó. Àwọn wóro omi tó kéré jù lọ di ara wọn mú gbọingbọin. Ohun tó ń já wọn sílẹ̀ ni irúgbìn. Irúgbìn yìí ni ẹ̀kán afẹ́fẹ́ tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tó fara pamọ́ sínú pàlàpálá eruku, sínú iyanrìn wẹ́wẹ́, tàbí sí ara irin tí kò dán. Bí omi bá gbé irúgbìn bẹ́ẹ̀ kọjá níbi tí ìfúnpá ti lọ sílẹ̀, èéfín omi á rọ́ wọ inú rẹ̀, á wú, á di ìfófó. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ kan náà, ní ìyára kan náà, fi lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú omi tí a sẹ́, kí ó sì pariwo nínú omi ọ̀gbàrá tó kún fún ẹrẹ̀.

Ojú ibi méjì ló sì ń kọ́kọ́ yọ sí. Àkọ́kọ́ ni etí iwájú abẹ́, níbi tí omi ti ń yíjú kíákíá. Èkejì, tó sábà máa ń ṣáájú, ni ṣóńṣó abẹ́. Níbẹ̀ ni omi ti ń sá láti ẹ̀gbẹ́ tí ìfúnpá ga lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó kéré, tó sì ń lọ́ yíká bí ó ṣe ń kọjá sẹ́yìn. Àárín gbùngbùn ìlọ́yíká yẹn ni ìfúnpá ti kéré jù lọ nínú gbogbo omi tó wà láyìíká. Bí ẹ bá wo propẹ́là nínú ọ̀nà omi onídígí tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, pẹ̀lú iná tó ń ṣẹ́jú ní ìbámu pẹ̀lú bí abẹ́ ṣe ń yí, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó funfun, tó ń ti ṣóńṣó abẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde, tó sì ń lọ́ sẹ́yìn lọ. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n kí ojú tó rí i ni etí ti gbọ́. Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn lábẹ́ omi á ti mú ariwo ṣáṣá kan, tó ń wá tó ń lọ, nígbà tí dígí ṣì mọ́ kedere.

Kí ló ń pariwo? Ẹ rántí ìkòkò. Omi tó ń ṣàn kò dúró lójú kan. Kò pẹ́ tí ìfófó yóò fi kúrò níbi tí ìfúnpá ti kéré, tí yóò bọ́ síbi tí ìfúnpá ti padà sí bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ló ti ń wó. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Lord Rayleigh ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọdún 1917. Bí a bá lo ìṣirò yẹn fún ìfófó tí ìwọ̀n láti àárín rẹ̀ dé etí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan, tí afẹ́fẹ́ ayé yìí lásán ń tẹ̀ ẹ́, yóò wó tán kí ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Kò sí ojú tó lè rí i. Omi tó ya wọlé láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ á pàdé láàárín, ìfúnpá ibẹ̀ á sì fò sókè lọ́nà tó kọjá sísọ, á ta ìró tó mú bí ìbọn jáde. Bí ìfófó náà bá wà nítòsí irin, kì í wó yíká dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí irin ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, omi á gbà á kọjá, á sì ta sí ara irin náà ṣàà. Ìtasí kan ṣoṣo kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ tọ̀sán-tòru, fún oṣù àti ọdún, irin tó le jù lọ á di oníhò wẹ́wẹ́, ihò á wọnú ihò, títí tí yóò fi máa bù.

Kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo ló ń ní. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ta pàrà, ó dákẹ́, ó tún ta. Bí ìyára bá lé sí i, ìtapàrà náà á so mọ́ ara wọn, á di ariwo kan tó ń sín. Lẹ́yìn náà, ìfófó á bo ẹ̀yìn abẹ́ pátá bí aṣọ, aṣọ náà á máa gùn, á máa kúrú, á máa ya dànù, ariwo ńlá tó wúwo á sì dara pọ̀ mọ́ ti wẹ́wẹ́. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dáwọ́ dúró níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ dín ìyára kù kọjá ibẹ̀ kí ó tó dákẹ́, torí ìfófó tó ti wó á fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ tí yóò di irúgbìn fún òmíràn.

Àwọn tó kọ́kọ́ bá a jà kò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ní 1894, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Daring jáde fún ìdánwò, kò sì sáré tó bí wọ́n ṣe retí, bí wọ́n ṣe ń fi agbára kún un tó. Ìgbà tí wọ́n fẹ abẹ́ propẹ́là rẹ̀ lójú ni nǹkan tó ṣẹnuure. Lọ́dún kan náà, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Charles Parsons gbé ọkọ̀ rẹ̀, Turbinia, sójú omi pẹ̀lú propẹ́là kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára gan-an, síbẹ̀ ọkọ̀ náà kò kájú ìwọ̀n. Ní 1895, Parsons kan ọ̀nà omi kékeré kan, ó mú omi rẹ̀ gbóná, ó fa afẹ́fẹ́ kúrò lórí rẹ̀ kí ó lè tètè hó, ó wá fi iná ìṣẹ́jú wo propẹ́là kékeré tó gbé sínú rẹ̀. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí ìfófó tó ń dí i lọ́wọ́. Ó pa ọ̀pá kan tó ń yí propẹ́là dà sí mẹ́ta, ó sì de propẹ́là mẹ́ta mẹ́ta mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́sàn-án lápapọ̀, kí ẹrù iṣẹ́ lè pín sára abẹ́ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́ta ọdún Ọbabìnrin Victoria lórí ìtẹ́, ní oṣù kẹfà 1897, Turbinia sáré kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ ogun ní Spithead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyára rẹ̀ lé ní nọ́ọ̀tì 34, kò sì sí ọkọ̀ tó lè lé e bá. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Parsons kò fi agbára kún agbára. Ó lọ wo ohun tí omi ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sílé. Odò Ọya tí àwọn ará wa ní Ọ̀wọ̀rọ̀ ń pọn, tó ń pàdé Bẹ́núè ní Lọ́kọ́ja, ti gba ìdídò méjì kọjá ní Nàìjíríà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àkọ́kọ́ ni Káínjí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1964, tí wọ́n sì ṣí ní 1969. Tọ́báìnì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀: mẹ́rin tó lè mú mẹ́gáwáàtì 80 jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì ti 100, àti méjì ti 120. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 760. Èkejì ni Jẹ́bà, tí wọ́n ṣí ní 1985, tó ní tọ́báìnì mẹ́fà, àpapọ̀ mẹ́gáwáàtì 578.4. Láti 2013 ni ilé iṣẹ́ Mainstream Energy Solutions ti ń bójú tó méjèèjì. Iná tó ń jáde níbẹ̀ wà lára èyí tó ń dé ilé wa nígbà tó bá wá. Tọ́báìnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìyẹ́ ńláńlá tí a yí sórí ọ̀pá, tí odò ń tì.

Mẹ́fà nínú àwọn ti Káínjí jẹ́ irú tí a ń pè ní Kaplan: abẹ́ rẹ̀ lè yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti bá bí omi ṣe ń wọlé mu. Méjì tó kù, àti gbogbo ti Jẹ́bà, abẹ́ tiwọn dúró gbári lójú kan. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ìyẹ́ tó dojú kọ omi bó ṣe yẹ, ìfúnpá ẹ̀yìn rẹ̀ á rọra lọ sílẹ̀. Èyí tó dojú kọ ọ́ lọ́nà tí kò yẹ, ìfúnpá á já lulẹ̀ lójú kan ṣoṣo ní etí iwájú rẹ̀, ìfófó á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Odò Ọya kò sì dúró lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ìkún omi méjì ló ní ní Káínjí: omi funfun, tí òjò àgbègbè ibẹ̀ ń gbé wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, àti omi dúdú, tó ti Fouta Djallon ní Gíní wá, tó rìn jìnnà títí ẹrẹ̀ rẹ̀ fi sílẹ̀, tó sì ń dé nígbà ọyẹ́. Bí omi adágún ẹ̀yìn ìdídò bá ga tàbí tó bá fà, ọ̀nà tí omi ń gbà wọnú abẹ́ á yí padà. Ẹ fi ti giridi iná mànàmáná wa kún un. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ̀rọ dín iná kù lójijì, tọ́báìnì tí abẹ́ rẹ̀ kò lè yí á máa ṣiṣẹ́ níbi tí a kò dá a fún. Omi tó ń jáde lábẹ́ rẹ̀ á máa lọ́ bí okùn, èéfín á kún inú okùn náà, gbogbo ilé ẹ̀rọ á sì máa mì. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ lórí rédíò pé giridi ti wó, iná ilé wa nìkan kọ́ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Àwọn tó kọ́ irú ibi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀tá wọn dáadáa. Ẹnjiníà ará Jámánì kan, Dieter Thoma, ló fi ìṣirò lélẹ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1930 nípa bí tọ́báìnì ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó sísàlẹ̀ ojú omi tó ń jáde, kí ìfúnpá lè tó láti tẹ ìfófó rì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ́ àpáta wọlẹ̀ jìnnà, bí ó tilẹ̀ ná wọn lówó púpọ̀. Wọ́n ń fi irin tí kì í dípẹtà ṣe abẹ́. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọ abẹ́ tọ́báìnì, torí ìfófó tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ kì í wó tipátipá bí èyí tó jẹ́ èéfín nìkan. Lákòókò àtúnṣe, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á fa omi rẹ̀ gbẹ, àwọn ajórin á wọ abẹ́ ibẹ̀ lọ, wọ́n á lọ gbogbo ojú tí omi ti jẹ, wọ́n á fi irin tuntun dí i, wọ́n á tún lọ̀ ọ́ títí yóò fi padà sí ìrísí rẹ̀. Ìrísí yẹn kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Bí ajórin bá fi kókó kan sílẹ̀ lórí abẹ́, omi á sáré lórí kókó yẹn, ìfófó tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí ọdún tó yí. Mo bọ̀wọ̀ fún irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí pé a kì í gbọ́ orúkọ àwọn tó ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kúkú dé ẹ̀yìnkùlé wa báyìí. Orí àpáta ni ilẹ̀ Ìjùmú, apá kan nínú ilẹ̀ Ọ̀kun wa, wà. Ọ̀pọ̀ kàǹga wa kò jìn púpọ̀, omi wọn sì ń fà bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Ẹni tí kò ní sumo, ìyẹn pọ́ǹpù tí wọ́n ń sọ̀ sínú omi, pọ́ǹpù tó ń jókòó sórí ilẹ̀ ló ń lò. Pọ́ǹpù yẹn ní abẹ́ kékeré nínú, ìyẹ́ ni wọ́n pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ rò pé pọ́ǹpù ló ń fa omi sókè. Kì í ṣe òun o. Afẹ́fẹ́ ayé ló ń ti omi gba páìpù wá, pọ́ǹpù kàn ń ṣí àyè sílẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ kò lè ti omi kọjá mítà 10. Bí a bá yọ èyí tí omi gbígbóná wa ń jẹ, èyí tí páìpù ń jẹ, àti èyí tí abẹ́ pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ nílò, ohun tó ṣẹ́ kù kì í sábà ju mítà 7 lọ. Ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí omi kàǹga bá ti sá lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe "gàràgàrà" bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ bá wọ inú rẹ̀. Omi á máa dínkù lẹ́nu páìpù. Wọ́n á pe atẹ́rọṣe, á tú u, kò ní rí òkúta kankan. Á ní béárìn ló ti lọ. Wọ́n á ra béárìn tuntun, wọ́n á dì í padà, gàràgàrà á sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Béárìn kò ṣẹ̀. Omi ló ń hó nínú pọ́ǹpù, tó sì ń wó lára abẹ́ rẹ̀. Owó àwọn ènìyàn wa tó ń bá irú àtúnṣe yìí lọ dùn mí gan-an.

Bí ẹ bá gbọ́ irú ariwo yẹn, ọ̀nà ìwọlé omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ wo ajọ̀ ìsàlẹ̀ páìpù, bóyá ewé tàbí ẹrẹ̀ ti dí i. Ẹ wò ó bóyá páìpù tó ń gbé omi wọlé tín-ín-rín ju ẹnu pọ́ǹpù lọ. Ọ̀pọ̀ ń ra èyí tó tín-ín-rín torí owó rẹ̀ dínkù, bẹ́ẹ̀ omi inú rẹ̀ ń sáré, ìfúnpá ń jábọ́. Ẹ dín ìgbọ́nwọ́ tó wà lójú ọ̀nà ìwọlé kù. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ sọ pọ́ǹpù náà sísàlẹ̀ kó sún mọ́ omi. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣeé ṣe lójú ẹsẹ̀, ẹ rọra ti táàpù tó wà lọ́nà àbájáde díẹ̀; omi á dínkù, ariwo náà á sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ti èyí tó wà lọ́nà ìwọlé láé, ẹ ó kàn tún bá ìfófó ṣiṣẹ́ ni. Ẹni tó bá sì lágbára rẹ̀, kó ra sumo, torí inú omi ni tirẹ̀ ń gbé, títì ló ń ti omi sókè, kò nílò kí afẹ́fẹ́ ran òun lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbọ́ wa ní Lọ́kọ́ja àti etí odò, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín pẹ̀lú. Bí propẹ́là ẹ̀rọ yín bá kọlu òkúta tàbí igi, tí etí rẹ̀ ya tàbí tó tẹ̀, ẹ má sọ pé ó ṣì ń yí. Ibi tó ya yẹn ni ìfófó yóò ti máa bẹ̀rẹ̀, ní ìyára tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, epo yín á máa jóná lásán. Ẹ má sì da èyí pọ̀ mọ́ ìgbà tí propẹ́là bá sún mọ́ ojú omi jù, tó ń fa afẹ́fẹ́ òkè wọlé. Ìyẹn náà máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ sáré lófo, ṣùgbọ́n sísọ ẹ̀rọ sísàlẹ̀ ni oògùn tirẹ̀.

Òkun ni ariwo yìí ti gbilẹ̀ jù. Ìró ń rìn nǹkan bí mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, ó yá ju ti inú afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, ó sì ń lọ jìnnà. Àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ń bẹ̀rù rẹ̀, torí propẹ́là tó bá pariwo ló ń tú àṣírí wọn. Wọ́n á rọra lọ, wọ́n á sì rì jìn, torí mítà 10 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rì ń fi ìfúnpá bí ti afẹ́fẹ́ ayé kan kún un. Àwọn ẹja àbùùbùtán tó ń fi ohùn wá ara wọn kò gbọ́ ara wọn dáadáa mọ́ nínú ariwo ọkọ̀ tiwa. Ẹ̀dá kan tiẹ̀ wà tó fi ìfófó ṣe ohun ìjà. Edé kékeré ni, irú Alpheus, ó sì wà ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọwọ́ rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ. Bí ó bá pa á dé kíákíá, omi á ta jáde pẹ̀lú ìyára débi pé ìfófó á yọ nínú rẹ̀, á sì wó, ìró rẹ̀ á sì mú kí ẹran tí edé náà ń dọdẹ dákú. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti rò pé ìka méjèèjì ọwọ́ ńlá náà tó ń kọlu ara wọn ló ń dún. Ní ọdún 2000 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Michel Versluis, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kámẹ́rà tó ń ya àwòrán lọ́nà tó yára gan-an fi hàn pé ìfófó tó ń wó ni ìró náà ti ń wá.

Ẹ̀yin olórí ilé, ẹ̀yin atẹ́rọṣe, ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́: bí pọ́ǹpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gàràgàrà lọ́la, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wọn bí omi kàǹga ti jìn tó kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà. Bí ó bá ti kọjá mítà 7, ẹ má ra béárìn.